Gbèsè, Àtìmọ́lé àti Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n mo jẹ gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti tàwọn ayánilówó orí fóònù. Olówó kan ti ní kí ọlọ́pàá tì mí mọ́lé rí. Ṣé wọ́n á gbà mí? – Òǹkàwé, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ní ti àtìmọ́lé yẹn. Àtìmọ́lé kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ẹni tílé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ni wọn kì í gbà. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tiẹ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè lásán, àfi bí jìbìtì bá wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí jìbìtì níbẹ̀, àwọn tó tì ọ́ mọ́lé ló rú òfin.

Gbèsè yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ìpolówó iṣẹ́ ọlọ́pàá máa ń sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò fẹ́ ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba náà sì kà á sí ìwà àìtọ́ ńlá. Ó nídìí: ẹni tí wọ́n dógò tì lè gba rìbá, ó lè ta àṣírí. Kọ́kọ́ san ti orí fóònù, èlé ibẹ̀ ń gorí èlé. Lẹ́yìn náà, bá akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ṣàdéhùn iye tí wàá máa san lóṣooṣù, kí ó buwọ́ lù ú, kí o sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí fọ́ọ̀mù ìgbaniṣíṣẹ́ bá béèrè nípa gbèsè, má fi ìkankan pa mọ́.