Ìkìlọ̀ fún Àwọn Ará Wa ní Dubai: Ara Gbígbóná Lẹ́yìn Iléyá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wá ṣe Iléyá nílé, tí ẹ sì ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Dubai, Sharjah àti Ajman, ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ kí ẹ mú dání lọ: bí ara yín bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ ti ilé dé, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sọ pé òòrùn ni. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà tí ẹ̀fọn ń fà (malaria) lọ́jọ́ náà gan-an.

Àsìkò tí Iléyá ń bọ́ sí láwọn ọdún wọ̀nyí wà lára ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà la kírun Iléyá. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn, ẹ̀fọn sì ti ń pọ̀ sí i. Ní Dubai, oṣù yẹn kan náà ni ooru ń le, tí ojú ọjọ́ ń ju 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án. Ẹni tó wọkọ̀ òfuurufú n'Íkẹjà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀fọn, ó bọ́ sínú ooru. Ohun tí ibà àti ooru sì ń fi ṣe ara jọra: orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, ara gbígbóná. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń di ẹ̀bi ru òòrùn, tí yóò lo Panadol, tí yóò sùn, nígbà tí kòkòrò ibà ń bí sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má tún fọkàn balẹ̀ pé ilẹ̀ tí ibà wà ni wọ́n bí yín sí. Ara tí ẹ̀fọn ibà ń jẹ léraléra máa ń ní agbára díẹ̀ láti bá ibà jà, ṣùgbọ́n béèyàn bá kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, agbára náà á máa dín kù. Ọmọ tí ẹ bí sí Dubai kò tilẹ̀ ní i rárá. Aláboyún náà wà nínú ewu tó ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ibà kì í sábà hàn lọ́jọ́ téèyàn dé. Ó máa ń tó ọjọ́ méje tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn kó tó yọjú, ó lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọjú, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà lè di ńlá láàárín wákàtí 24, kó kan ọpọlọ àti kíndìnrín. A kì í gbé iná sórí òrùlé sùn.

Ní ọsibítù, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ìrìn-àjò yín. Nílé, ibà ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2007 pé kò sí ibà tó ń ràn nílẹ̀ UAE mọ́, nítorí náà ó lè má tètè wá sọ́kàn dókítà ibẹ̀. Ẹ sọ fún un pé Nàìjíríà lẹ ti dé, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ dé, kí ẹ sì ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún malaria. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò bá rí nǹkan kan tí ara sì ń gbóná síbẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹ má jẹ́ kí owó dá yín dúró: òfin Dubai ní kí agbanisíṣẹ́ san owó ìbánigbófò ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 sì ni òfin irú rẹ̀ ti dé Sharjah àti Ajman.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí ẹ ń gbé lọ. Tramadol àti oògùn tó ní codeine nínú wà lábẹ́ òfin líle ní UAE. Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ kó tó wọkọ̀. Ẹ má sì gba oògùn tàbí ẹrù tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ooru náà kì í ṣe ohun àfojúdi. Ara tó ti kúrò nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbọ́dọ̀ tún un kọ́. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ṣe ìdajì lọ́jọ́ kìíní, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kó tó ṣe odindi lọ́jọ́ kẹrin. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, òfin kò gbà kí wọ́n mú yín ṣiṣẹ́ nínú òòrùn láti aago 12:30 sí aago 3:00 ọ̀sán. Iléeṣẹ́ tó bá rú u yóò san 5,000 dirham lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wálé, ẹ gba oògùn adènà ibà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró nítorí pé ẹ ti padà dé: atovaquone-proguanil gba ọjọ́ méje sí i, doxycycline àti mefloquine gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà, ẹ ṣọ́ ara yín. Bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé bá gbóná, kí ẹnì kan tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì gbé e tàbí tí kò jí dáadáa, ẹ pe 998 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà ṣe ibà, ì báà ṣe ooru. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ pa jẹ nítorí rẹ̀ ṣeé san padà.