"Àǹtí, Èwo Ni Àbọ̀ Mi?": Ẹ̀kọ́ Lórí Ìwé Ẹ̀bẹ̀ fún Ọmọ Aláìsàn

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ìwé ẹ̀bẹ̀, irú èyí tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpótí owó nígbà tí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n kọ, àfi ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan bi mí ní ìbéèrè kan.

Ajégúnlẹ̀ ni ilé wa. Ẹ tú orúkọ náà wò: ajé gúnlẹ̀. Láti 1977 tí wọ́n ti ṣí èbúté Tin Can ni ajé ti ń gúnlẹ̀ nítòsí wa nínú kòńténà, tí tírélà sì ń gbé e kọjá lọ. Bàbá ọmọ tí mò ń wí yìí ń wa tírélà níbẹ̀. Ilé kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí ọmọ náà kò ti lè rìn mọ́; àwọn dókítà sọ pé Duchenne muscular dystrophy ló ń ṣe é. Ìdílé rẹ̀ ń wá owó àga onítáyà àti owó àyẹ̀wò ọkàn. Nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mò ń kọ́, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé tí wọn yóò gbé lọ sí páàkì àwọn onítírélà.

Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ṣàánú ọmọ aláàbọ̀ ara yìí. Rọpárọsẹ̀ ti sọ ọ́ di arọ." Mo kà á sókè. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ nu ojú. Ọmọ náà ní tirẹ̀ wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, èwo ni àbọ̀ mi?" N kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo ṣì lò

Àkọ́kọ́ ni *aláàbọ̀ ara*. Oní, àbọ̀, ara: ẹni tó ní ìdajì ara. A ti ń lò ó tipẹ́ débi pé a kì í gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ń pè ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn Yorùbá fi ń sọ pé *akàndá ẹ̀dá* báyìí.

Èkejì ni *rọpárọsẹ̀*, ohun tó ń rọ apá, tó ń rọ ẹsẹ̀. Orúkọ yìí ni àwọn tó ń pín àjẹsára fi pe pólíò. Ní oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò pólíò àtilẹ̀wá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kásẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá fi pe àìsàn ọmọ yìí, ohun tí àwọn ará àdúgbò yóò gbọ́ ni pé ìyá rẹ̀ kò gbé e lọ gba àjẹsára. Nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ sí obìnrin náà rí. Orúkọ lásán ti di ẹ̀sùn.

Ẹ̀kẹta ni *iṣan*, tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe "àrùn iṣan". Ọ̀rọ̀ kan yìí là ń lò fún ẹran ara tó ń gbé wa rìn, fún okùn tó so ó mọ́ egungun, àti fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá gbọ́ "àrùn iṣan" lè rò pé kí wọ́n fi òróró wọ́ ọmọ náà, yóò sì lọ.

Ohun tí àìsàn náà jẹ́

Guillaume Duchenne, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Nínú ọmọkùnrin bíi 3,500 sí 5,000, ó máa ń mú ọ̀kan. Ara wọn kò lè ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ dystrophin, tó ń dáàbò bo iṣan nígbà tí a bá ń lò ó. Nítorí náà iṣan ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà yóò pẹ́ kó tó rìn tàbí kó máa ṣubú. Àtàrí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tóbi bíi pé ó lágbára. Bó bá jókòó sílẹ̀, yóò fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ kó tó lè dìde. Púpọ̀ wọn kì í lè rìn mọ́ nígbà tí wọ́n bá fi máa tó ọdún méjìlá. Lẹ́yìn náà ló ń kan ọkàn àti mímí.

Orí kúrómósóòmù X ni jíìnì náà wà. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní ẹyọ kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọkùnrin ló sábà ń mú. Ìyá lè máa gbé e láìmọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́ta, bí ọ̀kan ló jẹ́ pé ara tirẹ̀ ni àyípadà náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe é fún un. Kò tíì sí ìwòsàn pátápátá. Oògùn bíi prednisolone, físíò àti ìtọ́jú ọkàn ló ń fa ọjọ́ gùn.

Ẹ̀kọ́ láti Amẹ́ríkà

Ìbéèrè ọmọ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1966 títí di 2010, aláwàdà Jerry Lewis ń ṣe ètò orí tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún láti kó owó jọ fún àwọn tó ní irú àìsàn yìí. Owó tó wọlé ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ní 1990, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó ti fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tó wà lórí àga onítáyà, ó sì pe ara rẹ̀ ní àbọ̀ ènìyàn. Mike Ervin àti Cris Matthews, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ti fi àwòrán wọn tọrọ owó rí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kó ẹgbẹ́ jọ láti tako ètò náà. Wọ́n ní àánú tó ń kó owó wọlé lónìí náà ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́la.

Èmi kò sọ pé kí a má tọrọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní Faransé, àwọn òbí ló bẹ̀rẹ̀ Téléthon tiwọn ní 1987; owó rẹ̀ ni wọ́n fi dá ilé ìwádìí Généthon sílẹ̀ ní 1990. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń tọrọ ni mò ń bá jà.

Ìwé kejì

Èmi àti ọmọ náà la jọ kọ èyí: "Iṣan ẹsẹ̀ ọmọ wa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó wà ní JSS 2, ó fẹ́ràn ìṣirò. Ẹ bá wa ra àga tí yóò máa gbé e lọ sílé ìwé. Bí ọmọkùnrin yín bá ń gun itan rẹ̀ kó tó dìde, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

Ẹ wo ohun tó yí padà. A ṣàpèjúwe àìsàn dípò orúkọ tí kò bá a mu. A kò tan ẹnikẹ́ni pé owó yóò wò ó sàn. A dárúkọ ohun tí a fẹ́ rà. Ọmọ náà fọwọ́ sí ohun tí a sọ nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lo àwòrán ibi tó ti ń sunkún.

Owó àga náà kò tíì pé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí àpótí dé páàkì, awakọ̀ kan ka ìwé náà, ó tún un kà, ó sì bi bàbá ọmọ náà léèrè pé irú ilé ìwòsàn wo. Ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń gun itan. Ìwé mi àkọ́kọ́ kì bá tí sọ ohunkóhun fún un.