Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀yìn ẹyinjú

Bí ìyàngbò àgbàdo bá kó sí àgbẹ̀ lójú ní Mọ́níyà tàbí Àkànrán lágbègbè Ìbàdàn, kíá lomi á dà lójú rẹ̀, nítorí iṣan ìmọ̀lára pọ̀ níwájú ẹyinjú. Rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn, kò ní iṣan tó ń mọ ìrora. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ṣọṣẹ́. Bí agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù fún ọdún pípẹ́, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á há, òmíràn á máa jò. Ọ́síjìn ò ní tó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran mọ́. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù padà.

Inú ojú ni dókítà ti lè fojú rí òpó ẹ̀jẹ̀ kedere láìfi abẹ kàn wá. Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ló gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo ibẹ̀ jáde ní 1851.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn bàbá wa tó ń sọ pé, “Kò sóhun tó ń ro mí.” Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń wọ 140/90 léraléra, kó tètè jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú òun, ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn tàbí ní ilé ìwòsàn ojú.