Nígbà tí omi kòtò ẹja bá di aláwọ̀ ewé

Ní Adja-Ouèrè àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, a ní ilẹ̀ amọ̀ tó máa ń gba omi dúró. Ẹni tó gbẹ́ kòtò ẹja síbẹ̀ mọ̀ pé kì í pẹ́ tí omi náà á fi di aláwọ̀ ewé. Kí ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ewéko kéékèèké inú omi ni. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ adìẹ àti oúnjẹ tí ẹja jẹ kù ni ajílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ tí kò bá pọ̀, nítorí epìyà ń jẹ ẹ́. Lọ́sàn-án, ó ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi. Ṣùgbọ́n lóru, tí oòrùn kò sí, òun náà ń mí, òun àti ẹja a jọ máa pín afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo. Bó bá ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ bá jí, ẹ bá òkú epìyà lójú omi, àrọ̀ sì wà láàyè, nítorí àrọ̀ lè yọ orí mí afẹ́fẹ́ òkè. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé aládùúgbò ló da májèlé sómi. Ẹ kọ́kọ́ yẹ omi yín wò ná!

Lọ́sàn-án, ẹ ki ọwọ́ bọ omi, kí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá pòórá kí omi tó kan ìgbọ̀nwọ́, omi ti ki jù. Ẹ dá ìgbẹ́ dúró, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ yọ lára omi náà, kí ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹja bá ń yánu lójú omi ní ìdájí ńkọ́? Ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ da omi tuntun sí i, ẹ máa fi korobá bu omi kòtò, kí ẹ máa dà á padà láti òkè títí oòrùn á fi ràn. Ẹ má da oògùn apako sí i o: ewéko tó bá kú á jẹrà, á sì jẹ afẹ́fẹ́ tó kù tán.

Nígbà mìíràn, ohun àjèjì á léfòó. Ẹ fi igi gbé e sókè. Bó bá so rọ̀ bí òwú, ẹ wé e mọ́ igi, kí ẹ kó o sórí ààtàn fún ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lẹ̀ mọ́ igi bí ọ̀dà, ẹ ṣọ́ra! Ó lè ní májèlé, bẹ́ẹ̀ ni síse omi kò lè mú un kúrò. Ní ọdún 2020, erin tó lé ní 300 kú ní orílẹ̀-èdè Botswana. Ìjọba ibẹ̀ sọ pé májèlé irú rẹ̀ nínú omi ló pa wọ́n. Ẹ má mu omi náà, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀. Ẹja tó bá kú síbẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má tà á, ẹ má sì sè é.