Ṣéènì Mẹ́rin fún Àkànní

Ṣakí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àkànní,

Bàbá rẹ ní Ṣakí ń kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ àgbà ti rọjú díẹ̀. Iṣu tuntun ti jáde, èlùbọ́ tí ìyàwó rẹ bèèrè ti gbẹ, mọ́tò ló kù tí yóò gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò gan-an ló fa lẹ́tà yìí. Àwọn awakọ̀ eléèédú tó ti Ìsẹ́yìn dé ní àwọn rí tírélà rẹ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, katakata wà lórí rẹ̀, okùn ọ̀rá ni o fi dè é, ṣéènì kan ṣoṣo ló sì wà níwájú, ó ń fì dirodiro. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí àwọn pe àkíyèsí rẹ sí i, o fèsì pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ẹrù. Ọlọ́run náà ló fún ọ lówó fóònù ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o kò ra ṣéènì?

Àwọn tó kú sí Ojúẹlẹ́gba náà ní Ọlọ́run. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀ǹténà kan já bọ́ láti orí afárá ibẹ̀ sórí jíìpù, ènìyàn 3 kú. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, òmíràn já lu bọ́ọ̀sì akérò, ènìyàn 9 ló bá a lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ló sì ní ihò tí irin ara tírélà ń wọ̀ láti tì í pa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò sì yé kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kí wọ́n máa tì í. Katakata kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ṣéènì ni àgádágodo tirẹ̀.

O mọ̀ pé apá òsì ẹnu nìkan ni bàbá tó bí ọ fi ń jẹ ẹran títí ó fi kú. Wọn kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Kátápílà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń gbé lọ sí Òkéhò lọ́jọ́ náà. Irin tí wọ́n fi ń fún ṣéènì láyé ìgbà yẹn, ọlọ́wọ́ gígùn ni: wọn a fi ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ́ ṣéènì, wọn a tẹ ọwọ́ náà wálẹ̀ títí yóò fi dúró gbagidi. Ọwọ́ náà kọ̀, kò tẹ̀. Bàbá rẹ ní Ṣakí ni dẹ́rẹ́bà, ó sì ń sáré kí ilẹ̀ má ṣú. Òun ló fa páìpù omi yọ lábẹ́ síìtì, tó ní kí àbúrò òun kì í bọ ọwọ́ irin náà kó lè rí agbára tẹ̀ ẹ́. Páìpù yọ. Gbogbo agbára tó wà nínú ṣéènì ta ọwọ́ irin padà, ó sì bá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Títí dòní, bí wọ́n bá ń pín ẹran nílé, bàbá rẹ kì í lè wo àwo.

Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ gbọ́ ti ọlọ́wọ́ gígùn mọ́. Àwọn kan á ní ó yá lò, pé kò séwu lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ní eyín ni kí o rà, èyí tí wọ́n ń yí kà-kà-kà tó ń fa ṣéènì díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Bẹ́líìtì aláwọ̀ ọsàn tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn, ó dára fún àpò sìmẹ́ǹtì. Kí ó má dé orí irin.

Ṣéènì pàápàá kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wa tírélà ní Houston ló ṣàlàyé èyí fún bàbá rẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún dídi ẹrù lójú pópó ni wọ́n ń pè ní Grade 70. Àwọ̀ wúrà ló sábà máa ń ní, wọ́n sì máa ń tẹ 7 tàbí 70 sára ojú rẹ̀. Tó bá nípọn tó 3/8 ínǹṣì, nǹkan bíi kílò 3,000 ni wọ́n fọwọ́ sí pé kó gbà. 1/2 ínǹṣì lé ní 5,100. Ṣéènì géètì tí ẹ ń rà lọ́jà kò ní nọ́ńbà kankan lára, ta ló mọ ohun tó lè mú dúró?

Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tó bá ti wúwo tó kílò 4,536, ìdè rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́rin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ abẹ iwájú rẹ̀ kalẹ̀. Àpapọ̀ agbára ìdè gbọ́dọ̀ tó ìdajì ìwúwo ẹrù. Ibi tí ẹ ti máa ń ṣìṣirò nìyí: ṣéènì tó bá ti ara tírélà lọ kọ́ ara ẹrù, ìdajì agbára rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Kátápílà tọ́ọ̀nù 20 ń fẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Ṣéènì 3/8 mẹ́rin, tọ́ọ̀nù 6 péré ni. 1/2 mẹ́rin ló tó o. Katakata tìrẹ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin náà ni bàbá rẹ ń fẹ́, méjì kó fà síwájú, méjì kó fà sẹ́yìn. Tí o bá tẹ bíréèkì lójijì, iwájú ni ẹrù ń lọ, òfin wọn sì ní kí ìdè lè dá agbára tó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ dúró.

Èyí tó bá já, má gbé e lọ fún wẹ́dà. Ooru tí wọ́n díwọ̀n ló mú irin náà le. Iná wẹ́dà á sọ ojú tó bà di irin lásán. Má ta á ní kókó, má fi bóòtù so ó.

Táyà katakata kún fún afẹ́fẹ́, ó máa ń ta sókè sódò, ṣéènì á sì dẹ̀. Òfin ìlú ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí awakọ̀ tún un wò kí ó tó rin kìlómítà 80. Bí o bá gbéra ní Mọ́níyà, ó jẹ́ 65 dé Ìsẹ́yìn, nítorí náà Ìsẹ́yìn ni kí o ti sọ̀ kalẹ̀. Jẹ àmàlà níbẹ̀ tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n fọwọ́ kan ṣéènì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí o tó bu omi fọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi owó ṣéènì àti irin eléyín mẹ́rin ránṣẹ́. Má fi ra táyà o. Kí o tó sanwó, ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ fún un lórí fóònù. Bí ẹni tó ni katakata ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá ń kánjú, fún un ní nọ́ńbà bàbá rẹ, kó wá bá a jà ní Ṣakí.

Bàbá rẹ ní Ṣakí