Oòrùn àti Odò Dúdú

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ìbéèrè kan: bí omi dúdú bá pẹ́ nínú oòrùn tí ó sì mọ́, ǹjẹ́ ohun tí ó sọ ọ́ di dúdú ti tán nínú rẹ̀ bí?

1. Kí ní ń sọ odò di dúdú?
Gbogbo wa la mọ ewé àgbo tí a rẹ sínú omi. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, omi náà á ti pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti odò Ruki, tí ó ń ṣàn wọ odò Kóńgò ní ìlú Mbandaka. Òjò ń rin ewé àti igi tí ó ti kú nínú igbó kìjikìji, ó sì ń gbé oje wọn lọ sínú odò. Kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú oje yìí. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2023 fi hàn pé kábọ́ọ̀nù tí ó yòrò sínú Ruki jẹ́ ìlọ́po 4 ti odò Kóńgò fúnra rẹ̀.

2. Iṣẹ́ wo ni oòrùn ń ṣe?
Ìtànṣán oòrùn, pàápàá èyí tí ojú wa kò lè rí, a máa gé àwọn èròjà ńlá inú oje náà sí wẹ́wẹ́. Nǹkan 3 ni yóò tẹ̀lé e:
(a) àwọ̀ omi á ṣí;
(b) apá kan kábọ́ọ̀nù á di afẹ́fẹ́, irú èyí tí à ń mí síta;
(d) apá kan á di èròjà kéékèèké tí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ.

3. Ẹ̀rí wo ni a ní?
Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2009, àwọn onímọ̀ bu omi odò Kóńgò, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i fún ọjọ́ 57. Nínú ọgọ́rùn-ún, 85 sí 95 ni ó lọ nínú àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo kábọ́ọ̀nù: nǹkan bí 45 péré ni ó lọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú omi tí ó ti mọ́ lójú ju ìdajì lọ. Ó dà bí aṣọ aláró tí a ń sá sóòrùn: aró lè ṣí tán kí aṣọ má tíì gbó tán.

4. Níbo ni oòrùn ti ń rí iṣẹ́ yìí ṣe jù?
Nínú odò dúdú gan-an, dúdú omi náà ni ó ń dí oòrùn lọ́nà. Òkè omi nìkan ni ó ń ràn dé. Nígbà tí omi Kóńgò bá dé inú òkun Àtìláńtíìkì, tí ó fẹ́ lọ lórí omi iyọ̀, nígbà náà ni oòrùn ń rí i mú dáadáa.

5. Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?
Lábẹ́ igbó àbàtà àárín Kóńgò ni ilẹ̀ dúdú kan wà, ewé àti igi tí kò jẹrà tán láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ṣírò kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù. Omi tí ó bò ó ni kò jẹ́ kí ó jẹrà. Bí a bá fa omi náà gbẹ, kábọ́ọ̀nù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í di afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àwọ̀ odò nìkan mọ ohun tí igbó ń pàdánù. Ẹ ka ohun tí ó wà nínú omi, kí ẹ sì ka ohun tí ó ti di afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(i) Kí ni ìdí tí àwọ̀ omi fi ń yára lọ ju kábọ́ọ̀nù lọ?
(ii) Kí ni ń dá ilẹ̀ àbàtà Kóńgò dúró tí kò fi jẹrà?