Lẹ́yìn tí Bọ́ọ̀lù Bá Tán

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ ṣe. Kí ni yóò máa jẹ lọ́jọ́ tí kò bá lè sáré mọ́? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìtàn Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí yóò ran ìyá yìí lọ́wọ́. Òun ló gbá góòlù méjì sáwọ̀n nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980 láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, kò torí bọ́ọ̀lù pa ìwé tì: ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó ń kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ tó pa ìwé pọ̀ mọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wásinmi, ìpínlẹ̀ Ògùn.

Owó ńkọ́?

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ pamọ́, ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un. Láti 2019 ni ètò tiẹ̀ ti wà fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe. Nítorí náà, kí ọmọ náà tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ẹbí jókòó kà á dáadáa, kí wọ́n sì bi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà bóyá ó ń san owó ìfẹ̀yìntì.